Ìkookò ni mo ń bẹ̀rù, ajá ni mo bá pàdé: ìrírí mi ní Harar

Ní Harar, ìlú àtijọ́ àwọn Mùsùlùmí kan ní ìlà-oòrùn Ẹtiópíà, wọ́n dá ihò sí ara odi ìlú kí ìkookò, ẹranko tí òyìnbó ń pè ní hyena, lè rí ọ̀nà gbà wọlé lóru. Mo ti gbọ́ ọ kí n tó gbéra nílé, àmọ́ mo kà á sí àsọdùn àwọn arìnrìn-àjò. Ìgbà tí mo débẹ̀ ni mo fi ojú ara mi rí i. Àwọn ihò náà kò tóbi, ìsàlẹ̀ ògiri ni wọ́n wà, òkúta etí wọn sì ti ń dán nítorí ara ẹranko tó ti ń gbá a tipẹ́tipẹ́. Àwọn ọmọ iléèwé ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn, wọn ò tilẹ̀ bojú wò ó.

Iṣẹ́ ló gbé mi dé ibẹ̀. Dókítà ni mí. Ìtọ́jú ọgbẹ́, àti àwọn àrùn tí ẹranko ń kó ran èèyàn, ni iṣẹ́ mi dá lé, wọ́n sì ní kí n wá bá àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ mi níbẹ̀ ṣiṣẹ́ fún sáà kan. Bí mo ṣe ń di ẹrù, ìkookò nìkan ló wà lọ́kàn mi. Mo ka gbogbo ohun tí mo lè rí kà nípa irú ọgbẹ́ tí eyín rẹ̀ ń dá sí èèyàn lára. Ẹranko tó ń fi ẹnu fọ́ egungun itan màlúù kì í ṣe ẹranko tí èèyàn ń fojú kéré.

Ọkọ̀ òfurufú ni mo wọ̀ láti Addis Ababa lọ sí Dire Dawa, ìlú tí rélùwéè láti Djibouti bí ní 1902. Ooru ibẹ̀ mú gan-an. Láti ibẹ̀ ni mọ́tò ti gbé wa gun òkè, tí atẹ́gùn sì ń tutù sí i bí a ṣe ń lọ. A kọjá lẹ́bàá adágún Haramaya, tó gbẹ táútáú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí. Fífà tí wọ́n ń fa omi rẹ̀ bomi rin oko wà lára ohun tó gbẹ ẹ́, àmọ́ omi ti ń padà síbẹ̀ láìpẹ́ yìí. Lẹ́yìn náà la dé Awaday, ọjà ewé chat. Ìdì ewé tútù yọ̀yọ̀ kún ẹ̀gbẹ́ títì, àwọn obìnrin ń ná an, àwọn awakọ̀ ń kánjú gbé e lọ kó tó rọ, nítorí pé tútù ni wọ́n ń fẹ́ ẹ. Àwọn èèyàn agbègbè yẹn máa ń jẹ ewé náà lẹ́nu láti ọ̀sán dé ìrọ̀lẹ́, wọ́n á jókòó sọ́dọ̀ ara wọn, wọ́n á máa tàkúrọ̀sọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ yẹ aláìsàn kankan wò níbẹ̀ láì béèrè bóyá ó ń jẹ ẹ́. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ kì í fẹ́ jẹun, oorun kì í kùn ún, ìgbẹ́ a máa há sí i nínú, ọkàn rẹ̀ a sì máa sáré. Bí dókítà kò bá béèrè, á máa wá àrùn tí kò sí kiri.

Harar wà lórí ilẹ̀ gíga tó tó nǹkan bí 1,885 mítà sókè ojú òkun. Emir Nur ibn Mujahid ló mọ odi rẹ̀ ní ọ̀rúndún 16, lẹ́yìn tí Imam Ahmad ibn Ibrahim, olórí ogun àwọn Mùsùlùmí Harar, tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì ilẹ̀ náà ń pè ní Gragn, ti kú sójú ogun ní 1543. Ẹnubodè márùn-ún ló ní láti ìbẹ̀rẹ̀. Mọ́sálásí 82 ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ní mẹ́ta nínú wọn ti wà láti ọ̀rúndún 10. Ojú oórì àti ibi àdúrà àwọn ẹni Ọlọ́run tí wọ́n ń bẹ̀ wò jẹ́ 102. UNESCO fi ìlú náà sínú àkójọ àwọn ogún àgbáyé ní 2006. Mùsùlùmí ni èmi náà, nítorí náà kò sí bí mo ṣe fẹ́ sọ ohun tó ṣe mí ní àsùbáà àkọ́kọ́ tí ohùn àwọn ladáánì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lápá ọ̀tún, lápá òsì, níwájú, lẹ́yìn, tí ọ̀kan kò sì tíì parí kí òmíràn tó gbà á. Mo jókòó sórí ẹní mi, mo kàn ń gbọ́.

Ilé àwọn ará ìlú kan ni wọ́n fi mí wọ̀ sí. Kò sí àga ní pálọ̀ wọn. Pèpéle ni wọ́n mọ sókè ní ìpele ìpele, tí wọ́n tẹ́ ẹní àti kápẹ́ẹ̀tì lé, oníkálukú sì mọ ibi tí ipò rẹ̀ bá gbà á láyè láti jókòó. Agbọ̀n àfọwọ́hun aláràbarà ni àwọn obìnrin fi bo ògiri. Ilẹ̀ pupa ni, bàbá onílé sì sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ àwọn tó kú lójú ogun Chelenqo ni pupa náà ń rántí, ogun tí Menelik, ọba Shewa tó wá di ọba gbogbo Ẹtiópíà, fi gba ìlú wọn ní 1887. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀.

Ohun kan tó ṣe pàtàkì fún oníṣègùn tó bá ń lọ sí Ẹtiópíà ni ọ̀rọ̀ aago. Ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Aago méje àárọ̀ tiwa ni aago kan tiwọn. Kàlẹ́ńdà wọn ní oṣù 13, ó sì fi ọdún méje tàbí mẹ́jọ wà lẹ́yìn tiwa. Ọmọ tí ìwé rẹ̀ sọ pé 2009 ni wọ́n bí i, 2016 tàbí 2017 ni lọ́wọ́ wa. Ẹ wo ohun tí èyí lè dá sílẹ̀ bí èèyàn bá ń fi ọjọ́ orí ọmọ díwọ̀n oògùn! Nọ́ọ̀sì àgbà kan tí mo ń bá ṣiṣẹ́, obìnrin tí orí rẹ̀ pé, ló fi ọ̀nà hàn mí. Ó ní, "Dókítà, ẹ má fi aago júwe oògùn fún wọn. Ẹ ní kí wọ́n lò ó lẹ́yìn Àsùbáà, kí wọ́n tún lò ó lẹ́yìn Mọ̀gàríbì." Láti ọjọ́ náà, oògùn tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ kò ṣòro ṣàlàyé mọ́, nítorí pé ìrun kì í kọjá wọn.

Akéwì Faransé nì, Arthur Rimbaud, gbé Harar, ó ṣòwò níbẹ̀. Orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú ní 1891. Kò sí oníṣègùn tó lè gbà á, ni àwọn aláàárù 16 bá fi àkéte gbé e rin nǹkan bí 300 kìlómítà nínú aginjù, títí dé Zeila létí òkun. Wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ní Marseille, ó sì kú ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ẹni ọdún 37. Nígbàkigbà tí a bá ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé aláìsàn wa lọ sí Addis Ababa, àkéte yẹn ni mo máa ń rántí.

Wàyí o, àwọn ìkookò. Lẹ́yìn Mọ̀gàríbì ni wọ́n mú mi jáde sí ẹ̀yìn odi, níbi tí ọkùnrin kan jókòó sí pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹran wẹ́wẹ́. Láti nǹkan bí àárín ọ̀rúndún tó kọjá ni wọ́n ti ń bọ́ ìkookò ní gbangba báyìí. Yusuf Mume Salih ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń wá wò, ọmọ rẹ̀ Abbas sì jogún iṣẹ́ náà. Ọkùnrin náà gbé ohùn sókè, ó ń pe orúkọ. Orúkọ ni o, kì í ṣe ariwo lásán. Kò pẹ́ tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tàn nínú òkùnkùn, méjì méjì, ní ọ̀ọ́kán. Wọn ò sáré. Wọ́n rọra ń bọ̀, èjìká gíga, ìdí rẹlẹ̀, tótòtó lára, wọ́n dúró, wọ́n gbóòórùn wa, wọ́n tún sún mọ́ ọn.

Èyí tó tóbi jù nínú wọn, abo ni. Láàárín ìkookò onítótòtó, abo ló ń jọba, akọ tó dàgbà pàápàá á yà fún un lọ́nà. Mo mọ̀ ọ́n nínú ìwé, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn rí i bó ṣe ń kọjá, tí àwọn yòókù ń tẹ etí sẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe ń bímọ tún jẹ́ ohun tó ń dun oníṣègùn lọ́kàn: ojú ara abo gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí nǹkan ọmọkùnrin, ibẹ̀ náà ni ọmọ ń gbà jáde, èyí ló fà á tí ọ̀pọ̀ ọmọ àkọ́bí wọn fi ń kú. Èyí tó bá yè yóò ti la ojú, yóò sì ti ní eyín lẹ́nu lọ́jọ́ tí wọ́n bí i.

Ọkùnrin náà fi ẹran sí orí igi kékeré kan, ó fi igi náà sí ẹnu, abo náà sì na ọrùn, ó gba ẹran kúrò lórí igi láì fi imú kan ojú rẹ̀. Ó na igi sí mi. Ọwọ́ mi gbọ̀n. Òórùn ẹnu ẹranko náà dé ọ̀dọ̀ mi kí òun fúnra rẹ̀ tó dé, ẹran sì ti lọ kí n tó mọ̀. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé nígbà tí ajá kan gbó lókè, gbogbo wọn ló yíjú, tí díẹ̀ sì fà sẹ́yìn sínú òkùnkùn. Ẹranko tó ń fọ́ egungun ń ṣọ́ra fún ajá àdúgbò.

Bàbá onílé mi ló sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ní láyé ọjọ́un, ìyàn mú, ebi pa ìkookò débi pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èèyàn. Àwọn ẹni Ọlọ́run ìlú náà pàdé lórí òkè, wọ́n sì bá wọn dá májẹ̀mú: àwọn ará ìlú á máa bọ́ wọn, àwọn ìkookò náà ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ ẹ̀dá. Títí di òní, ní ọjọ́ Àṣúrà, ọjọ́ kẹwàá oṣù Mùhàrámù, wọ́n ń ro ọkà pẹ̀lú bọ́tà púpọ̀, wọ́n á gbé e síwájú olórí àwọn ìkookò. Bó bá jẹ ju ìdajì lọ, ọdún á dára. Àwọn kan tún gbà pé ìkookò máa ń lé àlùjọ̀nnú jáde nínú ìlú, tí wọ́n á sì gbé e mì. Mi ò ní ohun tí mo fẹ́ bá wọn jiyàn lé lórí níbẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé, kí oòrùn tó yọ, ìfun àti egungun tí àwọn alápatà dà sẹ́yìn odi ti pòórá.

Ohun tí kò sì ṣeé fojú kéré nìyẹn lójú oníṣègùn. Ní Mekelle, ìlú mìíràn ní àríwá Ẹtiópíà, àwọn olùwádìí ṣírò iṣẹ́ tí ìkookò ń ṣe, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2021: nǹkan bí 207 tọ́ọ̀nù òkú ẹran ni wọ́n ń kó jẹ lọ́dọọdún. Wọ́n fojú bù ú pé èyí ń gba èèyàn márùn-ún àti 140 màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ lọ́wọ́ anthrax, àrùn kan tí ẹran ọ̀sìn ń kó ran èèyàn, àti ikọ́ fée ti màlúù lọ́dún. Agbára inú ìkookò pọ̀: egungun gan-an ni ó ń dà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìgbẹ́ rẹ̀ fi ń funfun bí ẹfun. Òkú ẹran tí yóò máa jẹrà lẹ́bàá omi, tí yóò sì máa kó àrùn ran ọmọdé, ó ti wọ ikùn tí kò lè ṣe ní nǹkan.

Mi ò sọ pé ìkookò kì í ṣe èèyàn léṣe. Ní àwọn ibòmíràn ní Ẹtiópíà, ó ń ṣẹlẹ̀, pàápàá sí àwọn ọmọdé àti àwọn tó ń sùn síta. Ó sì lè kó àrùn dìgbòlugi bíi ti ẹranko ẹlẹ́ran yòókù. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà ní Harar, ojú ọgbẹ́ ìkookò tí mo ti ka ìwé sílẹ̀ dè kò dé iwájú mi. Ajá ló ń kó aláìsàn wá bá wa.

Èyí tí mo rántí jù ni ọmọkùnrin kékeré kan tí ìyá rẹ̀ gbé wá ní òwúrọ̀ kùtù. Ìyá náà ti da kọfí lílọ̀ sí ojú ọgbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, ó sì ti fi ìborùn rẹ̀ so ó. Bàbá àgbà ọmọ náà tẹ̀ lé wọn. Mo ní kí nọ́ọ̀sì bi í bóyá ìkookò ni. Bàbá wò mí bí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí ará ilé rẹ̀. Ó ní, "Ìkookò kẹ̀? Ìkookò mọ̀ wá. Ajá ni, dókítà." Mo bi í léèrè pé ajá ta ni. Kò mọ̀. Ìyá ọmọ kò mọ̀. Ajá ìta ni.

Nọ́ọ̀sì àgbà gbé ọmọ náà lọ sídìí ẹ̀rọ omi, a sì fi ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Ọmọ sunkún títí, nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìtàn ìkookò kan fún un lédè wọn, ó sì ń dákẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé fífọ̀ yẹn kò jẹ́ nǹkan kan, pé abẹ́rẹ́ ni oògùn. Rárá. Inú itọ́ ajá ni kòkòrò dìgbòlugi wà. Láti ojú ọgbẹ́ ló ti ń bọ́ sí iṣan ìmọ̀lára, tí yóò sì máa gun iṣan náà lọ díẹ̀díẹ̀ títí dé ọpọlọ. Ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá, ọdún kan lè kọjá, àmọ́ oṣù méjì sí mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àárín àkókò yẹn nìkan la ní. Bí aláìsàn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù omi, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ dókítà. Ọṣẹ àti omi ń fọ púpọ̀ nínú rẹ̀ dànù kó tó ráyè wọ iṣan, abẹ́rẹ́ àjẹsára á sì kápá ìyókù. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 èèyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dún káàkiri ayé, ajá ló sì ń kó ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ran èèyàn. Nínú àwọn tí ẹranko tó ṣeé fura sí bá bù jẹ, nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15.

Ọmọ náà gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé. Bàbá àgbà rẹ̀ ló ń mú un wá, kò pa ọjọ́ kankan jẹ. Lọ́jọ́ kan tí a jọ jókòó dúró, ó bi mí ohun tó dé tí mo fi kọ́kọ́ béèrè ìkookò. Mo sọ fún un pé òun ni mo ti ń bẹ̀rù láti ilé. Ó ronú díẹ̀, ó ní ìkookò ní ihò tirẹ̀, ó ní àkókò tirẹ̀, ó ní ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀, ó sì ní oúnjẹ ọdún tirẹ̀. Ó ní ajá ìta kò ní olúwa. Ọ̀rọ̀ yẹn yí bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ padà. Gbogbo àlàáfíà tó wà láàárín ènìyàn àti ìkookò ní Harar, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ènìyàn ni, iṣẹ́ tí ìran dé ìran ń ṣe. Kò sí ẹni tó ti bá ajá dá irú májẹ̀mú bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wá ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ dókítà, ọ̀rọ̀ àjẹsára ajá gba ibi tí mo ti pèsè fún ọgbẹ́ ìkookò. Mo sì rọ̀ wọ́n kí wọ́n máa béèrè ìbéèrè mẹ́ta ṣáájú ohunkóhun: ajá ta ni, ṣé ó ṣì wà láàyè, ṣé ẹnì kan lè máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá? Ajá tí ara rẹ̀ bá dá títí ọjọ́ mẹ́wàá fi pé, kò ní dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bu èèyàn jẹ.

Àwòdì náà wà níbẹ̀ o. Ní ọjà ẹran tó wà nínú odi, wọ́n á tò sórí òrùlé, wọ́n á máa wo ọwọ́ àwọn tó ń ra ẹran ràkúnmí. Ẹni tó bá gbé ẹran síta láì bò ó, fìrì báyìí, ó ti lọ! Àwọn ọmọkùnrin máa ń na ẹran wẹ́wẹ́ sókè fún àwọn àlejò kí wọ́n lè ya fọ́tò. Mo ti rán ìka àlejò kan tí èékánná àwòdì ya, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé kí wọ́n fi ojú wò ó, kí wọ́n má nawọ́.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, a gba ọ̀nà Jijiga lọ sí apá Babile. Bisidimo wà lápá ibẹ̀, ilé ìwòsàn tí àwọn ará Jámánì ṣèrànwọ́ láti dá sílẹ̀ fún àwọn alárùn ẹ̀tẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Lẹ́yìn Babile ni àfonífojì àwọn òkúta ńláńlá tó gorí ara wọn, tí èèyàn á rò pé bí atẹ́gùn bá fẹ́, wọ́n á ṣubú. Agbo ìnàkí kan kọjá níwájú wa, akọ wọn ní gọ̀gọ̀ funfun tó bo èjìká, ó ń wẹ̀yìn wo àwọn abo rẹ̀ bóyá wọ́n ń tẹ̀ lé e. Igbó ọba Babile, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1970 nítorí àwọn erin, kò jìnnà síbẹ̀. Erin kò jáde sí wa. Igi tí wọ́n ti ya la rí, àti àwọn àgbẹ̀ tó ń ṣàròyé pé wọ́n ń jẹ oko àwọn. Ọ̀rọ̀ erin àti àgbẹ̀ yẹn le, ó sì bà mí nínú jẹ́, nítorí pé ilẹ̀ ń há mọ́ àwọn méjèèjì.

Bí ẹ bá ń lọ sí Harar, ẹ gba àjẹsára dìgbòlugi kí ẹ tó kúrò nílé, pàápàá bí ẹ bá ń mú ọmọdé dání. Bí ẹ bá pàdé ìkookò ní kọ̀rọ̀ lóru, ẹ fara ti ògiri bí àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣe ń ṣe, kó kọjá. Bí ajá bá sì bu ẹnì kan jẹ nínú yín, ẹ má sọ pé ó di ilé ìwòsàn: omi ẹ̀rọ àti ọṣẹ, ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó wá ọkọ̀.